Ilé Tó Ń Mí

Àkànjí ọmọ Oyèrónkẹ́ di ẹnjiníà, wọ́n sì ní kó kọ́ ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé sí Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́, níbi tí wọn yóò máa kó igbá fínfín àtijọ́ sí. Kò fi ẹ̀rọ amúlétutù kankan sí i. Ihò ló gbẹ́ gba abẹ́ ilẹ̀, ó to ìkòkò omi sínú rẹ̀, kí atẹ́gùn lè fara kan ìkòkò, kó tutù kó tó wọlé. Èyí tó bá gbóná a gba ihò gogoro orí òrùlé jáde, bí èéfín ìdáná. Iná ìjọba ì báà wà, kó má sì sí, kò kan ilé náà.

Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó wọ̀ ọ́. Alàgbà Àlàmú, alága ìgbìmọ̀ tó ni ilé, ní bí èrò ò bá wọlé títí di ọjọ́ Ẹtì, òun yóò dí ihò òrùlé pa, òun yóò gbé ẹ̀rọ amúlétutù wá, pẹ̀lú jẹnẹrétọ̀ tí wọn yóò máa gbúròó rẹ̀ lọ́jà Akẹ̀sán. Ni Àkànjí bá ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ l'Ógbòmọ̀ṣọ́. Ìyá ò mọ nǹkan kan nípa ilé kíkọ́, àmọ́ ẹni tí ọ̀rọ̀ bá dojú rú fún, ìyá rẹ̀ náà ni yóò ké sí.

Oòrùn kan àtàrí lọ́jọ́bọ̀ nígbà tí Oyèrónkẹ́ dé. Pátákó kan wà lókè ẹnu ọ̀nà: ILE YII N MI. Ó na ìka tọ lẹ́tà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan láti ilẹ̀, ó sì fà sẹ́yìn.

"Màámi, ẹ kú ìrìn o. Ẹ wọlé."

"N ò wọlé. O kọ́ ilé, ilé ń mì. O ò tiẹ̀ fi bò, o tún kọ ọ́ sí pátákó."

"Mí ni, Màámi! Bí èèyàn ṣe ń mí!"

Mùílì tó ń lẹ táyà ní òdìkejì títì dá sí i: "Ìyá, àwa rò pé ó ń gbé èèyàn mì ni."

"Bí ẹja ṣe gbé Jónà mì?" ni Oyèrónkẹ́ bi í.

"Yúnúsà là ń pè é nílé tiwa. Ẹja kan náà sáà ni."

Oyèrónkẹ́ wo ojú ọmọ rẹ̀, ó rí i pé ó ti rù. Ó ní bó bá ń mì, kó mì. Bó bá sì ń gbé mì, ọmọ òun ló kọ́ ikùn rẹ̀. Ó wọlé.

Òtútù kí i láti ẹsẹ̀ wá. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì láti gbàdúrà fún Àkànjí, oorun sì gbé e lọ kó tó ṣàmín. Mùílì dúró síta, ó ń retí kí ilé mì. Nígbà tí kò mì, ó yọjú.

"Ìyá, ṣé kò sí láburú o?"

"Àmín," ni Oyèrónkẹ́ wí, ó sì tún sùn.

Mùílì lọ pe ìyàwó rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ pe àdúgbò.

Nígbà tí Alàgbà Àlàmú mú bíríkìlà àti sìmẹ́ǹtì dé lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, èèyàn sùn láti ògiri dé ògiri. Kò sẹ́ni tó ń wo igbá. Bíríkìlà ò ríbi gbé àkàbà sí. Alàgbà ní kó ní sùúrù kí wọ́n jí, ó sì jókòó dè wọ́n. Láìpẹ́, orí rẹ̀ tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Sìmẹ́ǹtì tí wọ́n ti pò gbẹ síta.

Àkànjí yá àkàbà náà, ó gùn ún dé ibi pátákó, ó fi ọ̀dà fa àmì ohùn òkè sórí MI. Ìyá rẹ̀ la ojú kan.

"Rọra o," ló wí. "Èèyàn ń sùn."