Kíréènì Orí Afárá

Èékánná àtàǹpàkò Olóògùn ti ya, síbẹ̀ ó tún fi í tẹ bíríkì oníke kan mọ́ orí òmíràn, ó tẹ̀ ẹ́ títí tó fi dún pá. Ó sún sẹ́yìn, ó pa ojú kan dé, ó wo àárín afárá náà. Kò pàdé. Apá kan ń bọ̀ láti ọ̀tún, apá kejì ń bọ̀ láti òsì, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dé àárín, àlàfo kan tó tó ẹyọ àgbàdo kan kù láàárín wọn, wọ́n ń wo ara wọn bí ọ̀rẹ́ méjì tó ń bá ara wọn yan odì.

Ẹ̀ẹ̀keje rèé tó ti tún ibẹ̀ tò. Aago mẹ́wàá àárọ̀ ti kọjá, bẹ́ẹ̀ aago méjì ni wọ́n máa gbé Bàbá Dírẹ́bà dé láti ilé ìwòsàn. Ó ti sọ fún ọmọ rẹ̀ pé òun ò ní délé bí òun ò bá kọ́kọ́ yà ní yàrá yìí.

Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù Télọ̀ ni yàrá náà wà. Àwọn mẹ́ta ló ń lò ó: Télọ̀ fúnra rẹ̀, Bàbá Dírẹ́bà tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin, àti Olóògùn, obìnrin tó ni ilé oògùn tó wà ní òdìkejì títì. Gbogbo ọjọ́ Sátidé ni wọ́n ń péjọ síbẹ̀, tí wọ́n ń fi bíríkì oníke tí àwọn ẹlòmíràn ń rà fún ọmọdé kọ́ ilé, ọkọ̀ àti ìlú. Kò sí èyí tí kò tíì tó ogójì ọdún nínú wọn. Ìyàwó Télọ̀ a máa sọ pé ọkọ ẹlòmíràn ń mutí, ọkọ ẹlòmíràn ń kó obìnrin, ti òun ń fi ike ṣeré. Òun wò ó síwá, òun wò ó sẹ́yìn, òun dúpẹ́. Àwọn oníbàárà tí ojú Olóògùn máa ń bà lẹ́rù nílé oògùn kò sì mọ̀ pé ó ní irínwó ọmọlangidi kékeré nílé, tó fi irú fìlà tí wọ́n dé yà wọ́n sọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Fíìmù kan ló sọ wọ́n di ọ̀rẹ́. Ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn ni wọ́n gbé fíìmù náà dé ilé sinimá, bíríkì oníke yìí ni wọ́n fi ṣe gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀, láti orí igi dé orí omi. Gbogbo àgbàlagbà tó wà níbẹ̀ ló mú ọmọ dání, àyàfi àwọn mẹ́ta tí wọ́n dá wá. Nígbà tó parí, tí àwọn ọmọ ti jáde, àwọn mẹ́ta yìí ṣì jókòó, wọ́n ń ka orúkọ àwọn tó kọ́ nǹkan inú rẹ̀. Bàbá Dírẹ́bà ló yíjú padà, ó béèrè lọ́wọ́ àwọn méjì yòókù pé, ẹ jọ̀ọ́, ẹsẹ̀ mélòó ni wọ́n kà lára afárá inú fíìmù náà. Olóògùn ní márùn-ún. Télọ̀ ní mẹ́fà. Títí di òní, àríyànjiyàn náà kò tíì parí.

Ibi afárá náà ni Bàbá fẹ́ràn jù. Omi ti bo ìlú, ó ń lé àwọn èèyàn bọ̀, gbogbo wọn wà nínú ọkọ̀ ojú irin, awakọ̀ kékeré náà sì dá ọkọ̀ dúró lẹ́nu afárá. Ó sọ̀ kalẹ̀. Ó fẹsẹ̀ rìn ín já, ó ń tẹ bíríkì kọ̀ọ̀kan wò, kó tó padà wá wa ọkọ̀ náà. Inú máa ń bí Télọ̀ sí ibẹ̀: omi ń lé àwọn èèyàn, ọ̀gbẹ́ni ń ṣe fàájì. Bàbá a ní ibẹ̀ gan-an ni fíìmù náà wà. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n lòun náà fi wa ọkọ̀ ojú irin.

Láti ọdún tó kọjá ló ti ń kọ́ afárá náà, láti inú orí ara rẹ̀, láìsí ìwé atọ́nà kankan. Lọ́jọ́ tó ku ọ̀la kí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e lórí, ó ní, "Bí mo bá padà dé, màá parí ẹ̀." Ó sọ ọ́ bí ẹni tí kò fẹ́ kí wọ́n gbọ́, ṣùgbọ́n Olóògùn gbọ́.

Ẹ̀ṣẹ̀ Olóògùn kò ju pé ó fẹ́ ṣoore. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ náà, ó wọ yàrá, ó rí eruku lórí afárá. Ó rí páálí kan lábẹ́ tábìlì, àwòrán afárá wà lára rẹ̀, ìwé atọ́nà sì wà nínú rẹ̀. Ó ní há, ó mà ní ìwé, Bàbá kàn ń fọ́nnu fún wa lásán ni. Ó rò ó pé Bàbá kò ní lè máa bẹ̀rẹ̀ wá bíríkì kiri pẹ̀lú ojú ọgbẹ́ ní ikùn, bí òun bá sì fọ gbogbo rẹ̀ tí òun ṣà á sílẹ̀ dè é, ìjókòó lásán ni yóò fi tún un tò. Bẹ́ẹ̀ ló tú u wàràwàrà, láìwo ibi kankan dáadáa. Ó fi omi ọṣẹ fọ̀ ọ́, ó sá a sórí aṣọ, ó ṣà á sínú abọ́ mẹ́rìnlá: dúdú lọ́tọ̀, funfun lọ́tọ̀, gígùn lọ́tọ̀, pẹlẹbẹ lọ́tọ̀. Ogún ọdún ló ti fi ń ka oògùn sínú ọ̀rá. Ọwọ́ rẹ̀ kì í rí ohun tó dàpọ̀ kó má yà á. Nígbà tó parí, inú rẹ̀ dùn. Ó wá ṣí ìwé atọ́nà náà. Afárá inú rẹ̀ kò ju àtẹ́lẹwọ́ méjì lọ, ẹsẹ̀ méjì péré ló ní.

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Bíríkì tó tú lé ní ẹgbẹ̀rún méjì, kò sì sí ìwé kankan láyé tó mọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn wà.

Télọ̀ nìkan ló sọ fún, nítorí Télọ̀ ló ya afárá náà ní fọ́tò. Télọ̀ wo abọ́ mẹ́rìnlá náà, ó wo ojú rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá inú fóònù rẹ̀. Fọ́tò mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Láti ìgbà náà, bí Olóògùn bá ti ti ilé oògùn ní ìrọ̀lẹ́, ọ̀dọ̀ fọ́tò mẹ́ta yìí ló ń gbà lọ. Ó ń fẹ̀ wọ́n, ó ń ka kókó orí bíríkì kọ̀ọ̀kan, ó ń tò. Oúnjẹ kì í dùn mọ́ ọn lẹ́nu. Bàbá ti fi afárá náà ṣe ìdí tó fi máa padà wá, Olóògùn sì ti fọwọ́ ara rẹ̀ tú u.

Télọ̀ wọlé pẹ̀lú téèpù lọ́rùn, ó bẹ̀rẹ̀ wo àárín afárá.

"Àǹtí, ẹ gbé kíréènì yẹn lé e."

Nínú fọ́tò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kíréènì pupa kékeré kan, irú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbé ẹrù sókè, dúró sí àárín afárá, òṣìṣẹ́ méjì tó dé akoto dúró tì í. Olóògùn gbé wọn síbẹ̀. Àlàfo náà pòórá. Kò sí ẹni tó máa wò ó tí kò ní sọ pé ti fọ́tò gẹ́lẹ́ nìyí.

Télọ̀ ní ó ti tán nìyẹn. Ó ní bí òun bá rán aṣọ tán tí òun rí i pé òun ti ṣì í gé, bọ́tìnnì lòun máa ń fi bo ojú ibẹ̀, oníbàárà á sì máa yin òun pé òun mọ iṣẹ́ ọnà. Olóògùn rẹ́rìn-ín díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dé inú. Àṣegbé kan ò sí, àṣepamọ́ ló wà, ó sì ti ń rẹ̀ ẹ́.

Kí ojú rẹ̀ lè wálẹ̀ ni Télọ̀ fi ṣí kọ̀ǹpútà rẹ̀, tó gbé fíìmù náà síbẹ̀ sílẹ̀ de Bàbá. Wọ́n dá a dúró sí ibi afárá, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀. Télọ̀ kà á, mẹ́fà. Olóògùn ní òjìji ni ìkẹfà. Télọ̀ ní òjìji kì í ní kókó lórí. Olóògùn ní kó wo èyí tí Bàbá kọ́, márùn-ún ni. Télọ̀ ní bíríkì ló tán lọ́wọ́ Bàbá. Ẹnu ìyẹn ni wọ́n wà tí mọ́tò fi dúró níta.

Ọmọ Bàbá, obìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ tíṣà, ló fà á lọ́wọ́ wọlé. Bàbá ti rù, ẹ̀wù rẹ̀ sì ti tóbi jù ú lọ. Olóògùn kúnlẹ̀, ó kí i kú ewu, Télọ̀ náà dọ̀bálẹ̀. Ọmọ náà ń ṣàlàyé fún wọn pé dókítà ní kò gbọdọ̀ gbé ohun tó wúwo, kò gbọdọ̀ pẹ́ lórí ìjókòó, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá òun bá a sọ̀rọ̀. Bàbá kò gbọ́ ọ. Afárá ló ń wò.

Ó mí kanlẹ̀. "Ó ṣì wà níbẹ̀," ló wí. Kò sí ayọ̀ kan nínú ohùn rẹ̀.

Bàbá rọra jókòó, ó fi ìka kan ra orí bíríkì, ó wo ìka náà. "Ẹ tilẹ̀ nu eruku ara ẹ̀. Olóògùn, iṣẹ́ ọwọ́ ẹ nìyí. O ṣeun, ọmọ mi."

Télọ̀ ṣẹ́jú sí Olóògùn pé kó gbà á bẹ́ẹ̀. Ká ní Bàbá bínú ni, bóyá ì bá lè gbà á bẹ́ẹ̀. Ọpẹ́ yẹn ni kò lè gbé mì.

"Bàbá, ẹ má dúpẹ́. Èmi ni mo tú afárá yín." Omi ti lé ròrò sí i lójú. "Mo rò pé ti inú páálí ni. Mo tú gbogbo ẹ̀, mo fọ̀ ọ́. Fọ́tò ni mo fi tún èyí tò, kò sì pàdé. Ẹ̀ẹ̀meje ni mo ti tún un ṣe, kò pàdé láàárín. Kíréènì ni mo fi bò ó."

Ẹ̀rọ ìránṣọ tí ọmọ iṣẹ́ Télọ̀ ń wà níwájú ṣọ́ọ̀bù ń dún.

"Gbogbo ẹ̀ lo tú?" ni Bàbá béèrè.

"Gbogbo ẹ̀ sà."

"Títí kan ìpìlẹ̀?"

"Títí kan ìpìlẹ̀. Mo sì tún un tò bó ṣe wà nínú fọ́tò, àfi àárín yẹn."

Bàbá fi ìka méjì gbé kíréènì náà kúrò, ó gbé e lé itan, ó tẹ̀ síwájú, ó wo àlàfo náà pẹ́. Èjìká rẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ọmọ rẹ̀ sáré sún mọ́ ọn, ó rò pé ibi ọgbẹ́ ló ń dùn ún. Ẹ̀rín ni. Bàbá fi ọwọ́ méjèèjì di ikùn mú, ó ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má pa òun, dókítà ò tíì já òwú tí wọ́n fi rán ojú ọgbẹ́ náà.

"Kò pàdé rí," ló wí nígbà tó lè sọ̀rọ̀. "Olóògùn, o bá mi tún àṣìṣe mi kọ́, kókó kan ò yẹ̀."

Ó ṣàlàyé pé ẹsẹ̀ kẹta ló fà á. Láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ló ti fi kókó kan sún un sọ́tùn-ún, kò sì mọ̀ títí di oṣù kẹfà, nígbà tí apá méjèèjì fẹ́ pàdé. Kò sí bí wọ́n ṣe lè tún un ṣe ju kí wọ́n tú gbogbo rẹ̀ dé ìpìlẹ̀. Ó gbé ọwọ́ sí i ní ọjọ́ púpọ̀, ọkàn rẹ̀ kò gbà á. Ló bá lọ ra kíréènì.

"Èmi tí mo ń fi ọdún mẹ́jọ sọ fún yín pé kí awakọ̀ máa sọ̀ kalẹ̀ tẹ afárá wò," ló wí. "Mo dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì yẹn, kì í ṣe abẹ ni mò ń rò. Mò ń rò ó pé bí mo bá kú, ẹ̀yin méjèèjì lẹ máa wá palẹ̀ yàrá mọ́, ẹ máa gbé kíréènì yìí, ẹ máa wo abẹ́ ẹ̀."

Télọ̀ wo Olóògùn. "Bọ́tìnnì," ló sọ jẹ́jẹ́, àwọn méjèèjì sì bú sẹ́rìn-ín. Olóògùn ń rẹ́rìn-ín, ó ń nu ojú, ara rẹ̀ fúyẹ́ bí ẹni tó sọ ẹrù omi kalẹ̀. Ọmọ Bàbá kò lóye ọ̀kan nínú gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n ó rí ojú bàbá rẹ̀. Òun náà fa àga, ó jókòó, kò sọ̀rọ̀ ilé mọ́.

Olóògùn gbé àwọn abọ́ náà wá kí wọ́n lè tún afárá náà tú. Ó ń ro àwọn ìrọ̀lẹ́ tó fi ń bú ọwọ́ ara rẹ̀ níwájú fọ́tò mẹ́ta yẹn, tó ń tú ohun tó ti tò dáadáa, tó ń wá ibi tí òun ti ṣì í. Ọwọ́ rẹ̀ kò ṣì í rárá.

Télọ̀ béèrè pé, nígbà tó jẹ́ pé láti ìpìlẹ̀ ni wọ́n ti máa bẹ̀rẹ̀ báyìí, kí Bàbá kúkú là á lẹ́ẹ̀kan: ẹsẹ̀ márùn-ún ni àbí mẹ́fà.

"Mẹ́fà ni," Télọ̀ fúnra rẹ̀ dáhùn.

"Òjìji ni," Olóògùn ní.

Bàbá fẹ̀yìn ti àga, ó gbé kíréènì lé àyà, ó di ojú. "Ẹ máa jà á lọ. Gbogbo ọjọ́ tí mo fi wà níbẹ̀ yẹn ni mo fi ń gbàdúrà pé kí n tún gbọ́ ọ."

Olóògùn di ẹsẹ̀ kẹta mú, ó fà á. Ó rò pé yóò le. Wẹ́rẹ́ ló jáde.