Àpò Ṣòkòtò Ekwalla

"Bàbá, iṣẹ́ ọwọ́ mi nìyí."

Rùfáì aránṣọ tẹ́ àpò ṣòkòtò tó ti ya sórí tábìlì mi. Aṣọ àpò ìyẹ̀fun ló fi rán an, ó gùn tó apá ọmọdé, òwú pupa ló sì fi rán igun rẹ̀, bí ọ̀gá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹnu irin fèrèsé ilé ìwòsàn abúlé wọn, lẹ́yìn Bonabéri, ló ti rí i tó há nígbà tó ń ti ìrun àsùbáà bọ̀. Àwọn olè ti gbé fíríìjì tí wọ́n ń kó abẹ́rẹ́ àjẹsára àwọn ọmọdé sí lọ. Ènìyàn kan ṣoṣo ló sì ti ní kí Rùfáì bá òun rán àpò tó jìn tó bẹ́ẹ̀ rí: Ekwalla, olórí ẹgbẹ́ ìṣọ́ abúlé.

Rùfáì bi mí pé kí ni kí òun ṣe. Èmi Yẹ̀kínnì ni alága àwa Yorùbá tó ń tajà ní ọjà Marché Congo nílẹ̀ onílẹ̀ nígbà náà, a kì í sì í gbé ọ̀rọ̀ dé iwájú ìjọba kí alága tó gbọ́. Ká ní mo ní kó ju àpò náà síná ni, ì bá jù ú síná.

Ṣùgbọ́n mo fẹ́ràn iyì, kí n má tàn yín. Ọdún kejì tí wọ́n gé iye sẹ́fà, owó tí a ń ná níbẹ̀, sí ìdajì ni. Ebi ń pa gbogbo ayé, olè ń ṣí páànù orí ilé onílé. Ìjọba kó àwọn ará abúlé jọ, wọ́n ní kí ẹni tó bá rí ọ̀daràn máa fi tó àwọn létí. Wọ́n pe èmi náà, orí àga onítìmùtìmù níwájú ni wọ́n fi mí sí. Kọmándà àwọn jáńdáàmù, ọlọ́pàá ológun wọn, bọ̀ mí lọ́wọ́ níṣojú gbogbo ènìyàn. Ó ní kò pọn dandan kí ẹnikẹ́ni dárúkọ ara rẹ̀, kó ṣáà kọ ohun tó rí sínú ìwé, kó jù ú sínú àpótí. Orí mi wú lọ́jọ́ náà.

Mo wá sọ fún Rùfáì pé ọ̀rọ̀ àpótí kọ́. Mo ní, "Òtítọ́ kì í ṣìnà, irọ́ ní í forí gbọgbẹ́. Mú àpò yìí dání, lọ bá kọmándà lójúkorojú, kí o sì dárúkọ ara rẹ, kí wọ́n má baà ní àwa àlejò là ń ba ọmọ onílẹ̀ lórúkọ jẹ́." Àsàmáù, ìyàwó rẹ̀, rọra ní bóyá kí àwọn fi í sílẹ̀. Mo bá a wí. Mo ní kó má fi ojo tirẹ̀ dí ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́.

Rùfáì lọ. Kọmándà kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, ó gba àpò náà, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, Ekwalla fúnra rẹ̀ ló kó àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ìṣọ́ wọ ṣọ́ọ̀bù Rùfáì. Wọ́n lù ú, wọ́n dè é lọ́wọ́ sẹ́yìn, wọ́n sì fà á rìn yí abúlé ká. Wọ́n ní iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n bá níbi tí olè ti jà, olè wo ni wọ́n tún ń wá? Ìwé ìgbélùú rẹ̀ ti kọjá ọjọ́ pẹ̀lú. Gbogbo abúlé ń wò. Ẹni tó bá sì ní ọ̀rọ̀ tó fẹ́ kọ sínú àpótí gbé e mì. Bí Rùfáì ṣe di ará àtìmọ́lé nìyẹn.

Àsàmáù wá bá mi, kò sunkún. Ó ní èmi nìkan ni ẹlẹ́rìí tó kù. Kí n lọ sọ pé Rùfáì ti mú àpò náà wá fi hàn mí, pé ó ti dárúkọ Ekwalla lójú mi, nítorí olè kì í kó ẹ̀rí ara rẹ̀ lọ fún ìjọba. Mo ní kó fọkàn balẹ̀.

Nígbà tí mo dé àgọ́ àwọn jáńdáàmù ní òwúrọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, Ekwalla jókòó ti kọmándà, wọ́n jọ ń jẹ ẹ̀pà. Kọmándà fún mi ní àga. Ó béèrè àlàáfíà ọjà mi, ó béèrè ìwé ìgbélùú tèmi, ó sì wá béèrè ilé ìwé tí àwọn ọmọ mi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń lọ. Kò gbóhùn sókè rárá. Lẹ́yìn náà ni wọ́n mú Rùfáì jáde. Ojú rẹ̀ kan ti dí, àwọn ìka rẹ̀ wú, wọn ò sì lè ká mọ́. Síbẹ̀, bó ṣe rí mi, ó fẹ́ dọ̀bálẹ̀.

"Bàbá, ẹ kú ìrìn," ó ní, ó sì rẹ́rìn-ín.

Kọmándà yíjú sí mi. "Mùsé Yẹ̀kínnì, ǹjẹ́ ọkùnrin yìí sọ ohunkóhun fún yín kó tó wá síbí?"

Mo ní rárá.

Mo tún bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n ṣàánú rẹ̀, pé àlejò ni. Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ tó ń ti ẹnu àgbàlagbà jáde! Rùfáì wò mí, wọ́n sì mú un padà wọlé. Ní ọjọ́ kẹfà, wọ́n ránṣẹ́ pè wá pé ká wá gbé òkú. Wọ́n ní ibà ló pa á.

A sin ín kí oòrùn tó wọ̀. Mo ti sọ fún Àsàmáù pé mo rojọ́ títí ẹnu mi fi bó, pé wọn ò gbà. Nígbà tí a ti ìtẹ́ òkú dé, ó jáde láti àárín àwọn obìnrin, ó wá bá mi, ó kúnlẹ̀ ó sì di ọwọ́ mi mú. Ó ní òun dúpẹ́. Ó ní bí kì í bá ṣe tèmi, Rùfáì ì bá má ní ẹnì kan tí yóò gba ẹnu rẹ̀ sọ̀rọ̀ nílùú onílùú.

Mo ní kó dìde. Mo ní Ọlọ́run á tù ú nínú.