Òṣùpá Kì Í Dúró De Ẹ̀gbọ́n

Inú ń bí mi, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́. Inú ń bí mi sí ọkùnrin tó ta awò tí wọ́n fi ń wo òṣùpá fún mi ní Dùgbẹ̀, ṣùgbọ́n mo ń bínú sí ara mi jù ú lọ.

Bàámi ni mo rà á fún. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n. Láti kékeré wa, bí oṣù Ṣaabáánì bá ti pé ọjọ́ mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, wọn a gun orí dẹ́kìn ilé wa ní Agbowó lọ wá òṣùpá ààwẹ̀. Lọ́dún méjì sẹ́yìn, àìsàn mú ojú òsì wọn lọ. Dókítà ní ọ̀tún náà ń dín kù, pé ó lè má tó ọdún kan sí i. Ohun kan ṣoṣo ni Bàámi tọrọ: kí àwọn fi ojú ara àwọn rí òṣùpá ààwẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, kí àwọn tó máa gbọ́ ọ lórí rédíò.

Owó ọwọ́ mi kò pọ̀, mo bá lọ bi Nasrullah, ayálégbé wa tó ń ka físíìsì ní yunifásítì.

"Aunty Muti, ẹ má wo nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára páálí o," ó ní. "Gíláàsì ẹnu rẹ̀ ni kẹ́ ẹ wò, kó fẹ̀, kẹ́sẹ̀ rẹ̀ sì dúró gbọn-in. Tówó ò bá tó ìyẹn, báínókúlà ni kẹ́ ẹ rà. Bàbá á kàn gbé e sójú ni."

Ṣé mo gbọ́? Gbádérọ̀, ẹ̀gbọ́n mi, ní báínókúlà kéré jù lẹ́bùn fún bàbá ẹni, èmi náà sì ń ro ohun tí àwọn èèyàn máa wí. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Mo gba Dùgbẹ̀ lọ, ọkùnrin yẹn gbé ọ̀kan tó gùn gbọọrọ jáde, ó ní ó ń sọ nǹkan di ńlá ní ìlọ́po ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta.

"Màdáàmù, bí kòkòrò bá ń rìn lórí òṣùpá, ẹ ó rí i."

Ẹsẹ̀ awò náà ń gbọ̀n bí ẹsẹ̀ ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìrìn. Mo fi okùn so ó, mo fi búlọ́ọ̀kù tì í.

Nígbà tí ọjọ́ náà kò, bí a ti kírun Màgíríbì tán lórí dẹ́kìn, mo rí òṣùpá lókè òrùlé aládùúgbò wa. Mo nàka sí i fún Bàámi, wọn ò rí i. Mo wá a nínú awò títí mo fi bá a, tẹ́ẹ́rẹ́, ó ń tàn.

"Bàámi, ẹ yára wá wò ó!"

Wọn ò mira. "Ẹ̀gbọ́n mi ńkọ́?"

Ẹ̀gbọ́n wọn, tí à ń pè ní Bàbá Olúyọ̀lé nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ń gbé, jókòó sórí àga lẹ́yìn wa. Wọ́n kàn wá bá wa kírun ni; òṣùpá ò jẹ wọ́n lógún. Ṣùgbọ́n ta ni yóò wò ó ṣáájú ẹ̀gbọ́n? Wọ́n dìde, wọ́n tún fìlà ṣe, wọ́n gbá awò náà mú bí ẹni mú ife tíì, ó sì yẹ̀.

"Máṣáà Allah," ni wọ́n wí. "Ó dára."

Mo tún wá a. Nínú irú awò yẹn, òṣùpá kì í dúró; bí èèyàn bá wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó ti kọjá. Mo tún bá a, mo tún pe Bàámi.

"Jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n mi wò ó tẹ́rùn ná."

"Bàámi, ó ń wọ̀ o!"

Ohùn mi ti lọ sókè, Gbádérọ̀ sì ṣẹ́jú sí mi. Bàbá Olúyọ̀lé tún dìde. Wọ́n tún gbá a mú. Ó ṣe mí bíi kí n ju awò náà sísàlẹ̀.

Ìgbà tó fi kan Bàámi, mo tún yára wá a. Mo rí i fìrí, mo sún kúrò. Wọ́n ṣe bísímílà, wọ́n gbé ojú ọ̀tún lé e, wọ́n sì pẹ́ níbẹ̀. Inú mi ti fẹ́ẹ́ rọ̀.

"Ó dára púpọ̀, Mutmainah," wọ́n ní. "Ọlọ́run á san ọ́ lẹ́san."

Mo bẹ̀rẹ̀, mo fi ojú síbẹ̀. Táǹkì omi aládùúgbò wa ló kún inú rẹ̀, dúdú. Mo gbójú sókè, n ò rí nǹkan kan lójú ọ̀run mọ́.

Bàámi ti jókòó, wọ́n ń fi etí agbádá nu ojú ọ̀tún wọn.

"Bàámi, ẹ sọ òótọ́ fún mi."

Ìgbà tí ẹ̀gbọ́n wọn sọ̀kalẹ̀ lọ tán ni wọ́n tó yíjú sí mi.

"Ṣé ó ti wọ̀?" ni wọ́n bi mí.

"Ó ti wọ̀, Bàámi."