Ìyá Ìyàwó Lẹ́yìn Ọkọ̀

Láti ẹ̀yìn ọkọ̀ akẹ́rù tó jókòó sí, Kaltuma gbá fèrèsé kékeré tó wà lẹ́yìn orí ọmọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

"Ashe, sọ fún ọkọ rẹ kó máa rọra. Èmi kì í ṣe àpò èso dàbínù."

Nínú ọkọ̀, Ashe jíṣẹ́ fún Togoi. Ọkọ rẹ̀ dáhùn, kò gbójú kúrò lórí iyanrìn: "Sọ fún wọn kí wọ́n má bínú. Bí mo bá rọra, a ó rì."

"Ẹ̀yin méjèèjì ti sọ mí di fóònù," Ashe ní, ó ń wa eyín pọ̀ nítorí ìrora. "Ẹ jẹ́ kí n ráyè rọbí tèmi."

Kaltuma rẹ́rìn-ín sábẹ́ ìborùn rẹ̀, ṣùgbọ́n omijé ló tẹ̀ lé e. Ọjọ́ kẹta rèé tí ọmọ rẹ̀ ti ń rọbí. Agbẹ̀bí ìlú wọn, Zuar, fọwọ́ tẹ ikùn rẹ̀, ó ní ọmọ inú rẹ̀ dábùú, àfi kí wọ́n sáré gbé Ashe dé ilé ìwòsàn ní Faya kí wọ́n fi abẹ gbé ọmọ náà jáde. Ìdájí ni wọ́n gbéra. Bí wọn ò bá dé kí oòrùn tó wọ̀ ńkọ́? Kaltuma bi agbẹ̀bí bẹ́ẹ̀; àdúrà ló gbà fún wọn.

Ẹ̀gbẹ́ ọmọ rẹ̀ ló yẹ kó wà. Ṣùgbọ́n ta ló gbọ́ ọ rí, kí ọkùnrin àti ìyá ìyàwó rẹ̀ fara kínra nínú ọkọ̀? Láti ọdún mẹ́rin tí Togoi ti fẹ́ Ashe, òun àti Kaltuma kò tíì bára wọn sọ̀rọ̀ rí, Togoi kò sì tíì tú láwàní kúrò lẹ́nu lójú rẹ̀. Bí ẹni iyì ṣe ń ṣe nìyẹn. Ìdí rèé tó fi jókòó sórí ẹrù nínú oòrùn, láàárín kẹ́ẹ̀gì omi àti kẹ́ẹ̀gì epo, tó ń gbọ́ ìkérora ọmọ rẹ̀ láti ojú fèrèsé tí kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ méjì lọ.

Lẹ́yìn ọ̀sán, ohùn Ashe lọ sílẹ̀. Kaltuma rò pé oorun ló gbé e, ó sì dúpẹ́. Àárín ìgbà náà ló rí i tí Togoi gba ọwọ́ òsì àpáta dúdú. Ọwọ́ ọ̀tún ni ọ̀nà Faya. Ọgbọ̀n ọdún ni òun fi da ràkúnmí gba ibẹ̀. Ipa táyà àwọn tó ń wa góòlù ni Togoi ń tọ̀, kò sì sí nǹkan kan níbi tí wọ́n ń lọ ju kòtò lọ.

Ó gbá fèrèsé. "Ashe." Kò sí ìdáhùn. Ó lè lu orí ọkọ̀ kí Togoi dúró, ṣùgbọ́n bó bá dúró, ta ni yóò bá a gbé ọ̀rọ̀ fún un? Ashe á jí láìpẹ́, ó sọ fún ara rẹ̀. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́: òun gan-an ló máa ń fi ọ̀rọ̀ yìí kìlọ̀ fáwọn ọmọbìnrin. Síbẹ̀ ó dákẹ́. Àpáta náà ń kéré lẹ́yìn wọn títí tó fi pòórá.

Nígbà tó máa fi ìkúùkù lu orí ọkọ̀, oòrùn ti rọlẹ̀. Togoi bọ́ sílẹ̀, ó kẹ̀yìn sí i, ó tẹjú mọ́ táyà.

Kaltuma dojú kọ kẹ́ẹ̀gì omi. "Kẹ́ẹ̀gì, sọ fún ọkọ Ashe pé ó ti ṣìnà. Ọ̀tún àpáta dúdú ló yẹ kó gbà."

Èjìká Togoi wálẹ̀. Ó bá táyà sọ̀rọ̀. "Táyà, bá mi bi wọ́n, ìgbà wo ni wọ́n ti mọ̀?"

"Láti ibi àpáta," Kaltuma ní. Ó ti tó wákàtí méjì.

Togoi kò bú u. Ì bá bú u, ì bá sàn fún un. Ó da epo tó kù sínú táǹkì, ó yí ọkọ̀ padà, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Kaltuma ti ọwọ́ bọ ojú fèrèsé, ó nà án títí, irun ọmọ rẹ̀ nìkan ni ìka rẹ̀ kàn. Òógùn ti mú un tutù. Ó ń pe orúkọ rẹ̀, ó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó forí ji òun, atẹ́gùn sì ń gbé gbogbo rẹ̀ lọ.

Wọn ò tíì dé ibi àpáta dúdú tí ọkọ̀ fi dúró. Epo ò tán, táyà ò rì. Ó pẹ́ kí Togoi tó jáde. Nígbà tó jáde, kò kẹ̀yìn sí i. Ó wá dúró níwájú rẹ̀ gan-an, ó sì tú láwàní kúrò lẹ́nu. Ó ní àpá tín-ín-rín kan ní ètè. Kaltuma ò mọ̀ látọjọ́ yìí.

"Ìyá," ó ní, "ẹ sọ̀kalẹ̀."

Kò gbà á ti ẹnu ẹnikẹ́ni sọ. Kaltuma wo ẹnu náà, ó wo fèrèsé. Ó yé e pé ẹni tí wọ́n ń torí rẹ̀ tijú fún ara wọn kò sí mọ́.

"Mò ń bọ̀, ọmọ mi," ó dá a lóhùn, ó sì na ọwọ́ sí i kó ran òun lọ́wọ́ láti sọ̀kalẹ̀.