Èyí Tó Yẹ Kí Ìyá Aránṣọ Wò

Àǹtí kò wo tẹlifíṣàn rárá. Ó di rìmóòtù mú, ó kẹ̀yìn sí àwòrán tó ń ṣẹ́jú lára ògiri, ojú Ìyá Aránṣọ ló tẹjú mọ́. Ó kù díẹ̀. Àwọn panápaná ti dé inú fíìmù náà. Lẹ́yìn wọn ni kámẹ́rà yóò yí sí ẹ̀gbẹ́ ọgbà, ibẹ̀ sì ni ọmọ náà wà, láàyè, nínú ṣẹ́ẹ̀tì onílà pupa tí ìyá rẹ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ rán fún un.

Yàrá ìwòran tó wà lẹ́yìn ilé ìkàwé náà kò tóbi. Àga onírin ló kún ibẹ̀, wọ́n fi aṣọ dúdú bo fèrèsé kan ṣoṣo tó ní. Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n máa ń pàdé, fíìmù tí kò ní òṣèré nínú ni wọ́n sì ń wò, ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an, lẹ́nu àwọn tó ṣẹlẹ̀ sí. Àǹtí tó ń tọ́jú àwọn fíìmù náà ló ń yàn án. Bí èèyàn bá tún fẹ́ èyí tí yóò yá lọ sílé, Àǹtí yóò wò ó lójú fún ìgbà díẹ̀, yóò na ọwọ́ sí pẹpẹ, yóò ní, "Ẹ wo èyí." Ọ̀rọ̀ yẹn ló di orúkọ mọ́ ọn lára. Àǹtí Ẹ-Wo-Èyí ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Nígbà tí wọ́n gé ẹsẹ̀ Bàbá Dírẹ́bà, tí kò lè wakọ̀ mọ́, fíìmù àwọn ẹyẹ tó ń fò kọjá lórí òkun ló fún un. Bàbá náà wò ó, ó sunkún, ó sì jẹun tán lọ́jọ́ náà.

"Àǹtí yìí mọ inú èèyàn ju àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lọ," ni bàbá náà máa ń wí.

Ọ̀nà tó ń gbà yàn wọ́n kò jọ ti ẹlòmíràn. Àárín àwọn tó ń kàwé ni tábìlì rẹ̀ wà, níbi tí ikọ́ pàápàá ti ń tọrọ gáfárà kó tó jáde. Etí rẹ̀ kì í sì í gba àwọn ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń kì bọ etí. Kíá ni wọ́n ń dá egbò sí i. Nítorí náà, ó máa ń pa ohùn fíìmù pátápátá, á wá máa wo ojú àwọn tó wà nínú rẹ̀. Ó gbà pé ẹnu ló ń purọ́, ojú kì í purọ́. Kò sì tíì ṣi fíìmù yàn fún ẹnikẹ́ni rí.

Ọjọ́ Ajé ni fíìmù tòní yìí dé. Iná ilé iṣẹ́ fóòmù tó wà ní ìpẹ̀kun ìlú wọn ló dá lé, iná ọdún méjì sẹ́yìn tó pa ọmọ kan ṣoṣo tí Ìyá Aránṣọ bí, tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Òṣìṣẹ́ kan tó yè ló fi fóònù rẹ̀ ya apá kan nínú rẹ̀. Àǹtí ń wò ó lọ láìsí ohùn, àfi bó ṣe rí ọmọ náà. Ó fẹ̀yìn ti ògiri níta, ó na ẹsẹ̀ sílẹ̀. Ọkùnrin kan bẹ̀rẹ̀ tì í, ó gbé fóònù sétí. Ọmọ náà sọ nǹkan kan, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó tún sọ nǹkan kan, ó tún rẹ́rìn-ín.

Omi lé sí Àǹtí lójú. Òun náà ti sin ọkọ. Fọ́tò ló kù fún un, fọ́tò kì í sì í yí ọrùn wo èèyàn. Láti ọjọ́ iná náà ni Ìyá Aránṣọ ti ń sọ gbólóhùn kan náà fún gbogbo ẹni tó bá wá kí i: "Èéfín ló gbé e sùn. Kò mọ nǹkan kan. Kò jẹ̀rora." Gbólóhùn yẹn ló fi ń jí, òun ló fi ń jókòó ti máṣíìnì. Wàyí o, yóò fi ojú ara rẹ̀ rí i pé òótọ́ ni, pé ẹ̀rín lọmọ òun ń rín. Àǹtí pinnu pé òun kò ní sọ fún un ṣáájú. Á kàn ní kó wá ni. Ó fẹ́ wà níbẹ̀ nígbà tí ojú rẹ̀ bá là.

Nígbà tí fíìmù bẹ̀rẹ̀ tí èéfín dúdú bo tẹlifíṣàn, àbúrò Ìyá Aránṣọ tó bá a wá ti fò dìde.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dìde, ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé."

"Kí ló dé?"

"Mo ní ẹ jẹ́ ká lọ! Ṣé fíìmù nìyí?"

Àǹtí gbé ọwọ́ lé èjìká Ìyá Aránṣọ. "Ìyá mi, ẹ fọkàn balẹ̀. Ó yẹ kẹ́ ẹ wo èyí. Tìtorí yín gan-an ni mo ṣe mú un."

Ìyá Aránṣọ gbé ojú sókè sí i. Kò dìde. "Àǹtí ò tíì ṣì mí lọ́nà rí," ló sọ fún àbúrò rẹ̀. "Jókòó jàre."

"Ẹ jókòó o," ni Bàbá Dírẹ́bà ké láti ẹ̀yìn, "àbí kẹ́ ẹ kúkú gba owó ìwòran lọ́wọ́ wa, ẹ̀yin la ń wò báyìí."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Àbúrò náà kò jókòó. Ó lọ fara ti ògiri, ó di àpò rẹ̀ máyà.

Kámẹ́rà yí.

Ojú Ìyá Aránṣọ là, bí Àǹtí ṣe rò ó gẹ́lẹ́. Ẹnu rẹ̀ ṣí díẹ̀. Ó na ọwọ́ síwájú bí ẹni tó fẹ́ bá èèyàn tún ọrùn aṣọ ṣe. "Ọmọ mi," ló wí. "Ṣẹ́ẹ̀tì mi nìyẹn. Ẹ wò ó, ọmọ mi nìyẹn!"

Ayọ̀ gba Àǹtí lọ́kàn. Lẹ́yìn náà ni ohùn ọmọ náà jáde, ó há, ó ń fọ́n bí ìgbà tí ayùn bá ń gé irin.

"Ẹ bá mi pe ìyá mi." Ó ka nọ́ńbà. Ó rọra ń kà á, bó ṣe máa ń kà á fún oníbàárà ìyá rẹ̀. Kò sí ẹni tó wà ní yàrá náà tí kò ní nọ́ńbà yẹn lórí fóònù.

"Ó ń dún," ni ọkùnrin inú fíìmù wí. Wọ́n jọ ń gbọ́ bó ṣe ń dún. "Kò gbé e."

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín músẹ́. "Á gbé e. Aṣọ ló ń rán. Máṣíìnì yẹn kì í jẹ́ kó tètè gbọ́. Ẹ tún pè é."

Ó tún dún. Ó dún títí.

"Kò gbé e, àbúrò."

"Ẹ má bínú sí i." Ó tún rẹ́rìn-ín. "Iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ ni. Á gbé e. Ẹ tún…"

Ẹnì kan pariwo láti òkèèrè pé kí ẹni tó bá lágbára wá ran àwọn lọ́wọ́, pé ẹ gbé àwọn tó ṣì lè yè ná. Ọkùnrin náà ti fóònù bọ àpò, ó sáré lọ. Kámẹ́rà tẹ̀ lé e. Wọn kò tún fi ọmọ náà hàn mọ́.

Àǹtí tẹ rìmóòtù, àwòrán dúró. Ìyá Aránṣọ yíjú sí àbúrò rẹ̀.

"Ìwọ lo gba fóònù mi lọ́jọ́ yẹn. O ní káwọn èèyàn má bàa yọ mí lẹ́nu."

"Mo rí nọ́ńbà tó pè yín náà," ni àbúrò rẹ̀ dáhùn, ohùn rẹ̀ kò ju ti ọmọdé lọ. "Mo pè é padà. Ọkùnrin yẹn sọ fún mi. Mo bá pa á rẹ́ lórí fóònù. Ẹ̀gbọ́n mi, mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé ó ń pè yín, ẹ ò sì gbọ́."

"Mo gbọ́."

Gbogbo wọn ń wò ó.

"Mo gbọ́ ọ dáadáa. Mo wò ó, mi ò mọ nọ́ńbà náà. Mo ṣe bí ìyàwó tó ń dà mí láàmú nítorí aṣọ ìgbéyàwó rẹ̀ ni. Mo bá tẹsẹ̀ mọ́ máṣíìnì mi."

Àbúrò náà fi ògiri sílẹ̀, ó dojú kọ Àǹtí. "Ṣé inú yín ti wá dùn? Ọdún méjì ni mo fi gbé irọ́ yìí bí ẹni gbé ẹyin. Ọdún méjì!"

"Mi ò gbọ́ ohùn rẹ̀," ni Àǹtí ń wí. "Ẹ jọ̀ọ́, mi ò mọ ohun tó ń sọ. Mo rí i tó ń rẹ́rìn-ín."

"Ẹ ò gbọ́ ọ? Ẹ ò gbọ́ ọ, ẹ wá ní ká wá wò ó?"

Àwọn èèyàn ń jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Bàbá Dírẹ́bà fi ọ̀pá rẹ̀ tilẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà, kò kí ẹnikẹ́ni. Àbúrò náà fa ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́wọ́ títí, kò dìde. "Máa lọ. Mo ń bọ̀," ló kàn ń wí, títí ìyẹn náà fi jáde.

Ó wá ku àwọn méjèèjì.

"Ẹ dá a padà fún mi," ni Ìyá Aránṣọ wí.

"Síbo, mà?"

"Síbi tó ti ń dún."

Àǹtí dá a padà. Nígbà tí ọmọ náà ní, "Á gbé e," ìyá rẹ̀ mi orí, bí ẹni pé wọ́n rán an níṣẹ́ ó sì ti gbọ́. Ó ní kí wọ́n tún dá a padà. Wọ́n tún dá a padà. Àǹtí fẹ́ dín ohùn kù.

"Ẹ má fọwọ́ kàn án."

"Ìyá mi, ó tó báyìí. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín."

"Ẹ̀yin lẹ ní ó yẹ kí n wò ó." Kò bínú. Ì bá sàn fún Àǹtí ká ní ó bínú.

Ó ń wò ó títí tí ẹni tó ń gbálẹ̀ fi yọjú lẹ́nu ọ̀nà, tó sì padà. Nígbà náà ló dìde, ó tún gèlè rẹ̀ wé, ó nu ìjókòó rẹ̀ bí ẹni tó da nǹkan sí i.

"Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ohùn rẹ̀," ló wí. "Ẹ ṣeun. Ẹ bá mi fi í pamọ́, ẹ má yá ẹnikẹ́ni. Màá wá lọ́la."

"Lọ́la kì í ṣe Ọjọ́bọ̀, mà."

"Mo mọ̀."

Àǹtí dúró, ó ń gbọ́ ìró bàtà rẹ̀ láàárín àwọn tó ń kàwé, títí ìró náà fi dé ìta. Ó nawọ́ sí pẹpẹ láti wá èyí tí òun lè fi rọ́pò rẹ̀ lọ́la, nǹkan tútù, nǹkan nípa òjò tàbí ẹja. Ọwọ́ rẹ̀ rìn láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹpẹ dé òpin, kò mú ọ̀kankan. Ó ti yé e pé Ìyá Aránṣọ kò ní béèrè òmíràn mọ́.