Ẹni Tí Kì Í Ṣe Ènìyàn Ẹnikẹ́ni

Ìwé ìjọba gbọ́n, ṣùgbọ́n ọgbọ́n rẹ̀ kò dé ìdí ìkòkò ọbẹ̀. Ó lè béèrè ẹni tó bí ọ, ó lè béèrè ẹni tó o fẹ́, kò jẹ́ béèrè ẹni tó bọ́ ọ yó. Ohun tó mú kí Rémy fọwọ́ sí irọ́ nìyẹn lọ́dún 1995.

Ọ̀ràn náà kò ṣòroó rò. Adamou, tó ń ra kajú kiri àwọn abúlé Bantè, ni wọ́n bá ní òkú lẹ́bàá ọ̀nà Pira, orí rẹ̀ fọ́. Moumouni, ọmọ Pira tó ń fi alùpùpù gbé èrò, ló gbé e lọ́jọ́ náà. Moumouni ní kòtò ló gbé àwọn ṣubú, òun sì sáré lọ wá ẹni tí yóò ran àwọn lọ́wọ́. Ìgbà tí òun fi padà dé, ẹ̀mí ti bọ́. Àwọn ará ilé òkú ní irọ́ ni, wọ́n ní irin ló fi lù ú. Oṣù mẹ́rìnlá ló ti lò lẹ́wọ̀n láìrí ìdájọ́, nítorí agbẹjọ́rò ìjọba tó mú ẹjọ́ náà dání ń fà á nílẹ̀, àfi ìgbà tí àṣírí tú pé àbúrò Moumouni obìnrin ni ìyàwó agbẹjọ́rò náà. Seidou, bàbá Adamou, fi ìbínú kọ̀wé sókè pé àna afurasí kò gbọdọ̀ rojọ́ tako afurasí. Àwọn aláṣẹ gbà pé òótọ́ ló sọ. Wọ́n ní àwọn yóò yan agbẹjọ́rò àkànṣe, ẹni tí kò bá ẹnikẹ́ni nínú ọ̀ràn náà tan.

Wọ́n wò yíká, wọ́n mú Rémy, agbẹjọ́rò ìjọba tó ń ṣiṣẹ́ ní Parakou. Ọmọ Lougba ni, ìjọ Àgùdà ló ń lọ. Mùsùlùmí sì ni tọ̀tún tòsì nínú ẹjọ́. Ó gbọ́ èdè wọn, kò sì bá wọn tan. Ta ni ì bá tún dára jù ú lọ?

Ìwé kan tẹ̀ lé ìyànsípò náà: kí ó fọwọ́ sí i pé òun kì í ṣe ìbátan ẹnì kankan nínú wọn, ní ti ẹ̀jẹ̀ tàbí ní ti ìgbéyàwó. Rémy kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó fọwọ́ sí i.

Ẹni tó bá mọ àgbègbè wa yóò ti máa mi orí. Nígbà èwe Rémy, ọmọ abúlé tó bá yege wọ ilé ìwé girama ní Savalou, ilé ìwé kò ní ibùsùn fún un. Bàbá rẹ̀ á di iṣu sórí kẹ̀kẹ́, á wá onílé kan láàárín ìlú, á fa ọmọ lé e lọ́wọ́, á ní ọmọ rẹ rèé. Kò sí ìwé, kò sí ẹlẹ́rìí. Láti ọjọ́ náà onílé ló ni nínà rẹ̀, òun náà ló ni títọ́jú rẹ̀ bí ibà bá dá a dùbúlẹ̀, kò sì sí ẹni tí yóò tún bi wọ́n léèrè bóyá bàbá àti ọmọ ni wọ́n. Seidou aránṣọ ni wọ́n fa Rémy lé lọ́wọ́ nígbà tó jẹ́ ọmọ ọdún méjìlá. Ọdún méje ló gbé níbẹ̀. Houda, ìyàwó Seidou, Mùsùlùmí tí kì í fi àwẹ̀ kan ṣeré, ló máa ń jí i láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú kí Mísà má baà kọjá rẹ̀. Orí ẹní kan náà ni Rémy àti Adamou ń sùn. Adamou kọ́ ọ ní alùpùpù gígùn, òun kọ́ Adamou ní ìṣirò, ìṣirò náà kò sì wọ Adamou lórí títí ó fi kú.

Kì í ṣe pé Rémy gbàgbé. Ta ló lè gbàgbé irú èyí? Ó sọ fún ara rẹ̀ pé ohun tí wọ́n béèrè ni òun dáhùn. Ohun mìíràn sì wà lábẹ́ ọ̀rọ̀ yìí tí kò fẹ́ ṣí wò: ó fẹ́ ẹjọ́ náà. Ó fẹ́ ẹ bí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ.

Nígbà tó dé Savalou láti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ilé Seidou ló kọ́kọ́ yà sí. Houda gbé iyán sílẹ̀ fún un, ó jókòó tì í títí ó fi jẹ ẹ́ tán gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, kò sì dárúkọ Adamou rárá. Seidou ló sọ̀rọ̀ nígbà tó ń sìn ín jáde. Ó ní ọkàn òun ti balẹ̀ wàyí, ẹjọ́ ti wọlé wá bá àwọn. Rémy rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ti rìn dé ẹ̀gbẹ́ ọjà kí gbólóhùn náà tó bẹ̀rẹ̀ sí í gún un.

Wọ́n fún un ní yàrá kan nínú ilé iṣẹ́ ìjọba, ó sì fi ọjọ́ mẹ́ta ka ìwé ẹjọ́ náà. Dọ́kítà tó yẹ òkú wò kọ ọ́ pé ọgbẹ́ orí náà lè jẹ́ ti irin, ó sì lè jẹ́ ti òkúta. Rémy ti fa ìlà pupa sábẹ́ irin lọ́jọ́ kìíní. Lọ́jọ́ kẹta ló ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé òun kò fa nǹkan kan sábẹ́ òkúta. Ó gbé kálàmù láti fà á, ọwọ́ rẹ̀ kọ̀.

Àárọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e ni Bilkissou, ìyá Moumouni, dé láti Pira. Kò mú nǹkan kan lọ́wọ́. Ó kúnlẹ̀, Rémy ní kí ó dìde, obìnrin náà sì ní òun kò wá bẹ̀bẹ̀, ojú rẹ̀ nìkan ni òun wá rí.

“Nígbà tí wọ́n yọ àna wa, mo sunkún,” ni obìnrin náà wí. “Mo ní ó ti parí fún wa. Wọ́n wá sọ fún mi pé ẹ kì í ṣe tiwa, ẹ kì í ṣe tiwọn. Wọ́n ní ẹ kì í ṣe ènìyàn ẹnikẹ́ni. Ọ̀gá, bí ọmọ mi bá pa á, ẹ wí bẹ́ẹ̀, n ó gbà. Bí kò bá pa á, mo mọ̀ pé ẹ ó rí i.”

Nígbà tí obìnrin náà lọ tán, Rémy dìde ti ilẹ̀kùn nítorí ìtìjú, bí ẹni tí aṣọ bọ́ lára rẹ̀.

Ó rò ó síwájú, ó rò ó sẹ́yìn. Bí òun bá ní kí wọ́n dá Moumouni lẹ́bi, ṣé ẹ̀rí ló wí bẹ́ẹ̀, àbí iyán Houda? Bí òun bá sì ní kí wọ́n tú u sílẹ̀, ṣé ẹ̀rí náà ni, àbí ìbẹ̀rù kí ayé má baà ní ó ṣègbè? Ará ìta lè má mọ̀. Ohun tó dẹ́rù bà á ni pé òun fúnra òun kò ní mọ̀ láéláé.

Ó kọ lẹ́tà pé kí wọ́n yọ òun. Ó kọ ìdí rẹ̀ síbẹ̀ láìfi bò, ó mọ̀ pé yóò ba ìgbéga tó ń retí jẹ́, ó sì bà á jẹ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kó tó fi í ránṣẹ́, ó lọ bá Seidou nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ.

Àgbàlagbà náà gbọ́ ọ tán, ó gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ. Rémy rán an létí pé Seidou fúnra rẹ̀ ló kọ̀wé pé àna kò gbọdọ̀ rojọ́. Seidou ní àna yẹn fẹ́ bo ọ̀ràn mọ́lẹ̀ ni, Rémy fẹ́ hú u jáde, ọ̀tọ̀ ni yìí, ọ̀tọ̀ ni tọ̀hún. Ohùn rẹ̀ kò le. Ì bá sàn fún Rémy kó le.

“Wọ́n ní bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran,” ni Seidou wí. “Sunkún Adamou, kí o sì máa ríran. Kí ló dé tí o ò lè ṣe méjèèjì?”

“Mo ń ríran, Bàbá. Adamou nìkan ni mo ń rí.”

Seidou tẹ orí ba. Houda ti wà lẹ́nu ilẹ̀kùn látìgbà tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó yí padà wọlé. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti fa Rémy lé wọn lọ́wọ́, ọjọ́ náà nìkan ló jáde nílé wọn láìjẹun. Ó dùn ún wọ egungun.

Ẹni tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ wá láti apá Natitingou. Ògbufọ̀ ló ń túmọ̀ gbogbo ọ̀rọ̀ fún un. Savalou kò mọ̀ ọ́n, òun náà kò mọ Savalou. Àwọn ènìyàn ń fi í ṣẹ̀sín pé kò lè kí ènìyàn lásán. Kí ó tó di ọjọ́ ìdájọ́, ó ti lọ sọ́nà Pira lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó wọ inú kòtò náà pẹ̀lú bàtà rẹ̀, ó wọn ìjìnlẹ̀ rẹ̀, ó ka òkúta tó wà níbẹ̀.

Lọ́jọ́ tí àwọn adájọ́ wá jókòó ní Savalou, Rémy dúró sẹ́yìn láàárín èrò. Houda ló rí i. Obìnrin náà sún díẹ̀ lórí bẹ́ńṣì, ó fọwọ́ lu àyè tó ṣí sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni Rémy ṣe jókòó láàárín àwọn tí òkú kú fún.

Àlejò náà dìde. Ó ní òun wá irin, òun kò rí irin. Òkúta ni òun rí, àti alùpùpù tí iwájú rẹ̀ wọ́. Ó ní òun kò lè sọ pé kí wọ́n dá ènìyàn lẹ́bi lórí ohun tí òun fúnra òun ń ṣiyèméjì sí. Àwọn adájọ́ wọlé, wọ́n jáde, wọ́n ní kí Moumouni máa lọ sílé.

Rémy mọ̀ pé ohun tí ọkùnrin náà sọ tọ́, kò sí ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀ tí kò sí nínú ìwé tí òun ti kà, síbẹ̀ ó fẹ́ dìde kígbe pé irin ni. Ó ní láti fi ọwọ́ méjèèjì di bẹ́ńṣì mú. Níwájú, Bilkissou kò pariwo. Ilẹ̀ ló jókòó sí, ọmọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ tì í.

Seidou kò wo iwájú. Ojú Rémy ló ń wò.

“Ká ní ìwọ ni,” ó béèrè, “ṣé wàá tú u sílẹ̀?”

Irọ́ kékeré kan ì bá pẹ̀tù sí i lọ́kàn. Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, a jẹ́ pé lẹ́tà rẹ̀ kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ Seidou.

“Rárá, Bàbá. Ǹ bá dá a lẹ́bi.”

Seidou yíjú sí ìyá àti ọmọ tó wà nílẹ̀, ó wò wọ́n pẹ́.

“À bá sì máa sùn fọnfọn lé e lórí,” ló wí. Ó na ọwọ́ sí Rémy kí ó fa òun dìde.