Àmì Mẹ́fà Lọ́nà Alábàtà

Inú ilé tí wọ́n ti ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú ni wọ́n bí Lubabah sí, ṣùgbọ́n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ bẹ́ẹ̀ ní kíláàsì. Ó ti wà ní ọdún tó gbẹ̀yìn ní yunifásítì, ní ẹ̀ka tí wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ gíráfíìkì. Lójú tirẹ̀, àdìrẹ jẹ́ ohun tí wọ́n ń tà fún àlejò tó wá wo Olúmọ. Iṣẹ́ ọnà gan-an wà nínú láàpútọ́ọ̀pù tí bàbá rẹ̀ rà fún un nígbà tó wọ ọdún kejì.

Òun àti Túbọ̀sún ni wọ́n jọ ń ṣe pírójẹ́ẹ̀tì. Ọmọ tíṣà ni Túbọ̀sún, ará Ìbarà, ọmọ tó máa ń rọra sọ̀rọ̀, tó sì mọ kọ̀ǹpútà lò ju gbogbo kíláàsì lọ. Olùkọ́ wọn, Dókítà Olúṣẹ̀yẹ, ní kí wọ́n ya àmì mẹ́fà fún ilé ìwòsàn kékeré kan lọ́nà Alábàtà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn obìnrin tó ń ti oko wá síbẹ̀ ni kò mọ̀wé. Bí wọ́n bá dé, wọn kì í mọ yàrá tó yẹ kí wọ́n wọ̀. Ẹni tó gbé ọmọ wá fún abẹ́rẹ́ àjẹsára lè jókòó láti àárọ̀ dé ọ̀sán síwájú yàrá àwọn aboyún, kí ẹnì kan tó wá sọ fún un pé ibẹ̀ kọ́.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni àwọn méjèèjì fi ṣe é. Àmì wọn mọ́ tónítóní. Wọ́n ya aboyún, wọ́n ya abẹ́rẹ́ àti òṣùwọ̀n. Wọ́n ya ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan fún yàrá àyẹ̀wò, àga fún ibi ìjókòó, àti àgbélébùú aláwọ̀ ewé fún ibi tí wọ́n ti ń gba oògùn, bí wọ́n ṣe ń rí i lára àwọn ilé ìtaja oògùn nígboro.

Dókítà Olúṣẹ̀yẹ wò ó títí, ó mi orí.

Ó ní, "Ó dára lójú mi. Àmọ́ èmi kọ́ ni mo máa lò ó. Ẹ gbé e lọ fún àwọn tó máa lò ó."

Lọ́jọ́ Ajé, wọ́n gun ọ̀kadà lọ. Nọ́ọ̀sì Adérónkẹ́, tó jẹ́ olórí ibẹ̀, kó àwọn obìnrin bíi mẹ́wàá jọ sábẹ́ igi kajú tó wà níwájú ilé ìwòsàn náà. Lubabah kí wọn pé ẹ kú ìjókòó, ó na bébà àkọ́kọ́ sókè, èyí tí wọ́n ya aboyún sí.

Obìnrin kan sọ pé, "Ẹni tí inú ń run ni."

Ó na abẹ́rẹ́ sókè. Wọ́n ní ibi tí wọ́n ti ń yọ ẹ̀gún ni. Ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ di omi ẹ̀rọ. Nígbà tó na àgbélébùú aláwọ̀ ewé, ìyá kan tó wọ ìjáàbù gígùn wo ẹnì kejì rẹ̀.

"Ṣọ́ọ̀ṣì ni," ó sọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀. "Àwa kì í lọ síbẹ̀."

Kò sí ẹyọ kan tí wọ́n mọ̀ nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Bí àwọn ọmọ náà ṣe ń kó bébà wọn jọ, ìyá oníjáàbù yẹn fa Lubabah mọ́ra.

"Má bínú, ọmọ mi. Nǹkan lẹ yà. A ò rí èèyàn kankan níbẹ̀ tó ń fi nǹkan ọ̀hún ṣe ohunkóhun."

Lubabah dé Ìtòkú nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ó tẹ́ bébà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sórí ẹní ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sì jókòó tì wọ́n. Ìyá bàbá rẹ̀, Màríámù, ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun alásárì tán. Ìyá náà ti lé lọ́gọ́rin ọdún. Inú ilé kan náà lòun àti Lubabah ń gbé láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i.

"Àjíkẹ́, kí lèyí?"

Lubabah, tí ìyá máa ń fi oríkì pè, ṣàlàyé. Ìyá Àgbà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ta ló ya ti aboyún yìí?"

"Èmi ni, mà."

"Oyún inú rẹ̀ kò wúwo. Ẹni tó lóyún oṣù mẹ́jọ kì í dúró báyìí. Ẹ̀yìn ń dùn ún. Ọwọ́ rẹ̀ kan á wà níbàdí." Ó gbé ọwọ́ tirẹ̀ síbàdí láti fi hàn án. "Nígbà tí mo ń ya aṣọ, ìbàdí ni mo kọ́kọ́ máa ń yà."

Lubabah gbójú sókè. Ó mọ̀ pé wọ́n ń ta àdìrẹ nílé àwọn, ṣùgbọ́n kò gbọ́ ọ rí pé Ìyá Àgbà ya nǹkan kan.

Ìyá náà ní, "Ìyá ọkọ mi ló ń tà. Èmi ni mò ń yà á. Ó tó ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n tí mo ti ṣíwọ́. Aṣọ ẹ̀rọ kún ọjà, ta ló máa dúró de aṣọ tí èèyàn ń fi ọjọ́ mẹ́fà yà?" Ó nà ró. "Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, wá ìyẹ́ apá adìyẹ fún mi, èyí tó gùn. Kí o sì ra láfún àti álúmù tí a máa pò mọ́ ọn. Sọ fún ọmọ tí ẹ jọ ń ṣe é pé kó wá."

Nígbà tí Túbọ̀sún dé láàárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, tó sì dọ̀bálẹ̀ kí ìyá, ẹ̀kọ láfún tí wọ́n máa ń fi ya àdìrẹ, kí aró má baà mu ojú ìlà, ti jinná, ó ti tutù nínú igbá. Wọ́n ti tẹ́ aṣọ funfun sórí pákó kan lágbàlá. Ìyá Àgbà jókòó sórí àpótí. Ó gé ẹnu ìyẹ́ náà, ó tì í bọ inú ẹ̀kọ, ó gbọn ọ́n lẹ́ẹ̀kan, ó sì gbé e lé aṣọ.

Láti ìbàdí ló ti bẹ̀rẹ̀, bó ṣe wí. Kò fi pẹ́ńsùlù sàmì sí ibì kankan. Kò ní rúlà. Ìlà náà gùn láti ìbàdí lọ sí ẹ̀yìn, ó yípo èjìká, ó sọ̀ kalẹ̀ sí ikùn, kò dúró, kò já, àfi bí ẹni pé ó ti wà nínú aṣọ náà tẹ́lẹ̀ tí ìyá kàn ń nu eruku kúrò lójú rẹ̀. Kí Lubabah tó mí lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, obìnrin kan ti dúró síwájú wọn, ọwọ́ kan níbàdí, ọwọ́ kejì lábẹ́ ikùn. Ó rẹ̀ ẹ́. Ẹnikẹ́ni tó bá wò ó á mọ̀ pé ó rẹ̀ ẹ́, inú rẹ̀ sì dùn.

Túbọ̀sún sún mọ́ pákó náà láti wò ó dáadáa.

Ìyá Àgbà ò wo ojú ẹnikẹ́ni. Ó ya ìyá tó na ọwọ́ méjèèjì gbé ọmọ sórí òṣùwọ̀n, ọmọ náà ká ẹsẹ̀ sókè. Ó ya ọmọ tó la ẹnu, tí ìyá rẹ̀ fi orí rẹ̀ mọ́ àyà, apá rẹ̀ kan wà níta fún abẹ́rẹ́. Ó ya àtẹ́lẹwọ́ tó ń gba oògùn lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ó ya ẹni tó na ìka fún àyẹ̀wò, tó sì gbé ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, àti obìnrin tó na ẹsẹ̀ jókòó tí ọmọ sùn lé e lẹ́sẹ̀. Ó wá fi òbìrìkìtì yí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ká, ó ju ìyẹ́ sínú igbá, ó ní ẹ̀yìn ń ro òun, ó wọlé lọ.

Wọ́n ya fọ́tò aṣọ náà, wọ́n gbé e sínú láàpútọ́ọ̀pù. Túbọ̀sún ní kí àwọn fi òbìrìkìtì ti kọ̀ǹpútà rọ́pò èyí tí ìyá fọwọ́ yà, kó lè gún. Ó gbé ọ̀kan lé ti àkọ́kọ́. Ọwọ́ rẹ̀ dúró.

"Lubabah, wá wò ó."

Lubabah kò rí nǹkan kan. Ìlà ti ìyá ti bọ́ sábẹ́ ti kọ̀ǹpútà pátápátá. Túbọ̀sún gbé òbìrìkìtì kan náà lé ìkejì, ó gbé e lé ìkẹta, títí dé ìkẹfà. Kò sí èyí tó fi ìwọ̀n fọ́nrán òwú kan tóbi ju èkejì lọ.

Wọ́n wọlé lọ bá a. Túbọ̀sún lóṣòó lórí ẹní.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ fi wọ̀n wọ́n?"

Ìyá wò ó bí ẹni tí ìbéèrè náà kò yé. "Wíwọ̀n? Ọwọ́ mi ṣáà ni. Ọgọ́rin irú rẹ̀ ló máa ń wà lórí aṣọ kan. Bí ọ̀kan bá tóbi ju ìyókù lọ, ìyá ọkọ mi á ní kí n fọ gbogbo rẹ̀ dànù."

Lubabah ń wo ọwọ́ ọ̀hún. Ọwọ́ yẹn ló ti ń wẹ̀ ẹ́ láti kékeré, òun ló ń di irun rẹ̀, òun ló ń bu oúnjẹ fún un. Awọ rẹ̀ ti hunjọ, iṣan yọ lára rẹ̀. Ọdún méjìlélógún lòun ti ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ yìí, tí òun sì ń wá iṣẹ́ ọnà kiri.

"Ìyá Àgbà, kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

"O ò bi mí," ni ìyá wí. Kò sí ìbínú níbẹ̀.

Wọ́n gbé àmì tuntun náà padà lọ sábẹ́ igi kajú. Lọ́tẹ̀ yìí, àwọn obìnrin náà dìde wá wò ó. Ìyá oníjáàbù wà níbẹ̀. Nígbà tó rí ti abẹ́rẹ́, ó fi ìka kan ẹnu ọmọ tó là sílẹ̀ náà.

"Èmi nìyẹn lóṣù tó kọjá," ló wí. "Bí ọmọ mi ṣe ké nìyẹn." Mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ni wọ́n mọ̀, kò sí ẹni tó ṣì í.

Lọ́jọ́ ìdánwò, olùyẹ̀wò tó wá láti ìlú mìíràn dúró pẹ́ níwájú iṣẹ́ wọn. Ó bi wọ́n léèrè ẹni tó yà á. Gbogbo kíláàsì ń gbọ́.

Lubabah dáhùn pé, "Ìyá bàbá mi ni, ní Ìtòkú. Aláàdìrẹ ni wọ́n. Àwa la tò ó sínú kọ̀ǹpútà."

Olùyẹ̀wò kọ nǹkan sínú ìwé rẹ̀. Òfin sọ pé akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ ya iṣẹ́ tó bá gbé wá, nítorí náà máàkì wọn kò tó ohun tí Túbọ̀sún ti ń retí láti ọdún àkọ́kọ́. Ó dùn ún fún bí ọ̀sẹ̀ kan. Àmọ́ Dókítà Olúṣẹ̀yẹ bá ilé ìwòsàn náà sọ̀rọ̀, wọ́n sì gbà kí wọ́n kun àmì náà sára ògiri, ọ̀kọ̀ọ̀kan ga ju èèyàn lọ, funfun lórí àwọ̀ ẹlú.

Nígbà tí wọ́n parí rẹ̀, wọ́n gbé Ìyá Àgbà lọ wò ó. Ó sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò, ó rìn díẹ̀, ó dúró. Obìnrin tó fi ìyẹ́ adìyẹ yà lágbàlá ti ga dé abẹ́ òrùlé. Ìyá gbé orí sókè, ó sì di ọwọ́ Lubabah mú.

Obìnrin kan ti ọ̀nà oko wá, ó pọn ọmọ, eruku bo ẹsẹ̀ rẹ̀. Kò mọ wọn, wọn kò mọ̀ ọ́n. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wo ògiri láti ọ̀tún dé òsì, ó sì yà sí apá ibi òṣùwọ̀n láìbi ẹnikẹ́ni léèrè. Ìyá Àgbà ń wò ó títí tó fi wọ yàrá náà.

"Ó kà á," ló wí, ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀. "Àjíkẹ́, èmi tí mi ò mọ̀wé. Ó kà á."

Nọ́ọ̀sì Adérónkẹ́ gbé àga wá fún un, ó bu omi fún un mu. Lubabah ní ṣé kí àwọn máa lọ sílé, kí oòrùn má baà mú wọn lọ́nà. Ìyá ní rárá, kí àwọn jókòó díẹ̀ sí i. Ibẹ̀ ló wà, tó ń wo àwọn obìnrin bí wọ́n ṣe ń dé lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ẹni tó gbẹ̀yìn fi wọlé.